Lékelèke Kò Gba Físà

Aago márùn-ún ìdájí ni àwọn àlejò mi ti wọ bàtà tán ní hòtẹ́ẹ̀lì, tọkọtaya àgbàlagbà láti England tí mo fẹ́ gbé lọ wo ẹyẹ ní High Island, Texas. Mo ní kí wọ́n padà lọ sùn. Ẹyẹ tó ń bọ̀ níparí oṣù Kẹta kì í ṣe àkùkọ. Ìrọ̀lẹ́ ló ń gbéra ní Yucatán, ní Mẹ́síkò, á fi òru mọ́jú fò lórí òkun Gulf of Mexico, nǹkan bíi kìlómítà 1,000 láìsí ibi ìsinmi. Ó di ọ̀sán kó tó gúnlẹ̀. Kí la fẹ́ lọ fi kùtùkùtù ṣe níbẹ̀?

(Bàbá ní kí n máa pe àwọn lórúkọ. Ẹni tó ju bàbá mi lọ! “Sir” ni mo ń pè wọ́n títí a fi pínyà.)

Ọjọ́ kìíní, òfo. Oòrùn ràn, atẹ́gùn ń fẹ́ láti gúúsù, ojú ọjọ́ dùn bí ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro wa. Bí atẹ́gùn bá ń ti ẹyẹ lẹ́yìn, kì í dúró létí òkun, inú igbó ọ̀ọ́kán ló ń kọjá sí. Mo ń bẹ̀bẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo rán atẹ́gùn níṣẹ́.

Ọjọ́ kejì, òjò dé, òun àti atẹ́gùn tútù láti àríwá. Àwọn ará Houston ń ráhùn, èmi ń rẹ́rìn-ín. High Island kì í ṣe erékùṣù o. Iyọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti ibẹ̀ sókè, tó fi ga ju àbàtà tó yí i ká, igi oak sì kún ibẹ̀. Ẹyẹ tí òjò ti nà lórí òkun, igi wọ̀nyẹn ló ń sá sí. Nígbà tó máa fi di aago méjì ọ̀sán ní Smith Oaks, igbó ẹyẹ kan níbẹ̀, wọ́n ń já bọ́ bí àgbálùmọ̀. Black-and-white Warbler ń rákò lára igi pẹ̀lú ilà dúdú ilà funfun. Hooded Warbler kan bà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa, bí eléhàá tó ṣí ìbòjú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò bìkítà fún wa. Ìyá sọ awò wọn kalẹ̀, ẹyẹ ti sún mọ́ jù. Bàbá ń kọ orúkọ sínú ìwé, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n.

Bí a ṣe ń padà sọ́nà ìlú Winnie, mo dá ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá màlúù kan. Bàbá ní kí ló dé, lékelèke lásán nìyẹn, wọ́n ti wà ní England náà. Lásán kẹ̀? Áfíríkà ni ìran wọn ti wá. Ìyẹ́ apá wọn ni wọ́n fi sọdá Àtìláńtíìkì dé Gúúsù Amẹ́ríkà níparí àwọn ọdún 1800, wọ́n sì dé Florida ní 1941. Kò sẹ́ni tó bèèrè físà lọ́wọ́ wọn.

Mo na ọwọ́ méjèèjì síta, mo fi èékánná mi hàn wọ́n bí a ti ń ṣe ní kékeré. Ìyá bèèrè ohun tí mò ń ṣe. Mo ní mò ń tọrọ funfun lọ́wọ́ wọn ni.

Kíá ni Ìyá bọ́ ìbọ̀wọ́.