Akàn Alhaja àti Mọ́tò Tí Ò Ní Bọ́tìnì

Ẹ̀yin dírẹ́bà ẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Ta ló lọ sọ fáwọn tó ń ṣe mọ́tò pé bọ́tìnì ń yọ wá lẹ́nu? Torí mi ò tíì gbọ́ dírẹ́bà kankan rí ní Ìkòròdú níbí tó jókòó sábẹ́ igi tó ń ráhùn pé bọ́tìnì éésì ọkọ̀ òun ti rọrùn jù. Kòtò là ń ráhùn lé lórí, ọlọ́kadà là ń ráhùn lé lórí, owó epo, ọ̀gá tó ní "dúró dè mí, mò ń bọ̀ báyìí báyìí" tó jẹ́ pé wọ́n á ti kírun Mọ̀gàríbì tán kó tó jáde. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnì ò sí níbẹ̀ rárá.

Àfi bí Alhaji tí mò ń wa ọkọ̀ fún ṣe ra jíìpù tuntun. Ẹ má bi mí lórúkọ ẹ̀, mi ò fẹ́ wàhálà, ẹ ṣáà mọ̀ pé irú mọ́tò tó jẹ́ pé tó bá ń kọjá ní Sábó, àwọn ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà á kọ́kọ́ dúró wò ó ná kí wọ́n tó rántí pé ọjà làwọn ń tà. Dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ń dán láti ọwọ́ òsì títí dé ọwọ́ ọ̀tún, síkíríìnì lásán ni, kò síbi tó o lè fọwọ́ kàn kó o mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Éésì wà nínú síkíríìnì. Rédíò wà nínú ẹ̀. Dígí ẹ̀gbẹ́ tá a fi ń wẹ̀yìn, tó o bá fẹ́ yí i díẹ̀, inú síkíríìnì náà lo máa wọ̀ lọ. Kódà ojú ihò tí atẹ́gùn éésì ń gbà jáde, èyí tá a máa ń fi ìka kan ṣoṣo tì síbí tì sọ́hùn-ún láti ọjọ́ tá a ti ń wa mọ́tò, àwòrán ẹ̀ ni wàá fìka wọ́ nínú síkíríìnì kó tó yà. Mo ní háà. Atẹ́gùn náà ti wá di ọ̀gá tá a gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí kó tó dá wa lóhùn.

Ọmọkùnrin tó gbé ọkọ̀ náà wá fún wa ṣàlàyé o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ bó ṣe ń fìka gbá síkíríìnì yẹn fìrìfìrì, ó ń sọ̀rọ̀ ó ń ṣí ojú ewé, Alhaji ń mi orí, èmi náà ń mi orí, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan nínú àwa méjèèjì. Nígbà tó lọ tán Alhaji wò mí, ó ní "Dírẹ́bà, ṣé ó yé ẹ?" Mo ní ó yé mi sà. Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n ní kò yé mi kó lọ gba ọmọ tó kéré sí mi ni?

Mo gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ rewáyà wa, níbi tá a máa ń kóra jọ sí tọ́wọ́ bá dilẹ̀. Ẹ ò mọ̀ pé àríyànjiyàn ńlá ló dá sílẹ̀. Ọmọ kan tó ń fi áàpù gbé èrò ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ò tíì mọ̀ ọ́n lò. Fóònù ni. Ṣé ẹ kì í lo fóònù ni?" Ó ní mi ò tiẹ̀ ní láti fọwọ́ kàn án, kí n kàn máa bá a sọ̀rọ̀, ó máa gbọ́. Mo bi í pé ṣé ó gbọ́ Yorùbá, ó ní ó máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi tí mo bá lè fimú sọ ọ́ díẹ̀. Mo lọ gbìyànjú ẹ̀ o. Mo ní kó bá mi pe Alhaja. Ó ní kò burú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ọ̀nà Àbújá fún mi látorí ìjókòó mi níwájú ilé.

Bàbá àgbà kan wà láàárín wa tó ti wakọ̀ fáwọn ọ̀gá Ìkòyí kó tó fẹ̀yìn tì, òun ò fara mọ́ èmi, kò sì fara mọ́ ọmọ yẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó ní BMW ló kó o wá lọ́dún 2001, nínú Series 7, iDrive ni wọ́n pè é, kọ́ńtúróòlù roboto kan ṣoṣo báyìí láàárín ìjókòó méjì iwájú, ẹ yí i, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tì í sí ẹ̀gbẹ́, òun lẹ máa fi wá gbogbo nǹkan lójú síkíríìnì tó wà lókè. Ó ní àwọn òyìnbó pàápàá pariwo nígbà yẹn, wọ́n bú u, títí tí ilé iṣẹ́ náà fi tún un ṣe ní 2008 tí wọ́n wá to bọ́tìnì yí kọ́ńtúróòlù náà ká, èyí tó ń lọ sí rédíò tààrà, èyí tó ń lọ sí fóònù tààrà. Àmọ́ bàbá ní tòun, òun fẹ́ràn ẹ̀ ju tàwọn ayé ìsinsìnyí lọ, torí ó kéré tán ó lára, ọwọ́ lè dì í mú, tó o bá yí i ó máa dún kẹ́, ọwọ́ ẹ á mọ̀ pé òun ti ṣe nǹkan. "Èyí tẹ́ ẹ̀ ń wà yìí," ó ní, "gíláàsì ni. Kí ni ọwọ́ fẹ́ mọ̀ lára gíláàsì?" Mo gbà fún un. Títí dòní mi ò tíì gbọ́ àlàyé tó ju ìyẹn lọ.

Rewáyà ní tiẹ̀, inú ẹ̀ dùn dé ìdí. Ó ní tẹ́lẹ̀, tí bọ́tìnì éésì bá bàjẹ́, èyí táwọn lè gbà lórí ẹ̀ ò tó jẹun ọ̀sán. Ó ní síkíríìnì tuntun yìí, lọ́jọ́ tó bá kú, éésì kú, rédíò kú, kàmẹ́rà ẹ̀yìn kú, gbogbo wọn jọ ń kú pọ̀ ni, òun lòún sì máa gba owó ìsìnkú. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí Alhaji lò ó pẹ́ o, ó ń fi ọwọ́ ra ara wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́.

Alhaja fẹ́ ra ẹja fún ìnáwó kan, kò sì sí ẹja tó ń wù ú àfi ti Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ àtijọ́ la máa ń gbé lọ irú ibẹ̀, ìyẹn tí òórùn ẹja ti di ara ẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó ní jíìpù tuntun là ń gbé, ó ní Alhaji ò lè dá nìkan máa jẹ ayé nínú mọ́tò. A gba Ìtóìkín lọ. Ó ra àrọ̀, ó ra ẹja gbígbẹ, ìgbà tá a ti ń bọ̀ wálé ló wá rí akàn, akàn alààyè, tó tóbi, tó ń fi ọwọ́ wo ojú ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Ó ra àpò kan. Mo tẹ́ náílọ̀n sí bọ́ọ̀tù, mo gbé àpò náà lé e, mo fi okùn di ẹnu ẹ̀. Ẹ sì mọ jíìpù, bọ́ọ̀tù àti ibi ìjókòó ẹ̀yìn, inú kan náà ni wọ́n wà, ìjókòó nìkan ló là wọ́n láàárín. À ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń họ inú àpò, kẹrẹkẹrẹ, kẹrẹkẹrẹ.

"Dírẹ́bà, ṣé o di ẹnu àpò yẹn dáadáa?"

"Ó dì pa, Mọ́mì."

"Akàn ò ṣeé fọkàn tán o."

Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó gbé orí ẹ̀ tì sẹ́yìn, oorun gbé e lọ.

A kọjá Ìtóìkín díẹ̀ ni òjò sọ̀. Òjò gidi. Dígí iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mi ò ríran dáadáa mọ́. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ yẹn, ẹ jí mi lóru, ẹ di mi lójú, ọwọ́ mi mọ ibi bọ́tìnì atẹ́gùn dígí, kẹta láti ọwọ́ òsì, ó ti bó díẹ̀ lórí. Nínú èyí, mo ní láti kúrò lójú máàpù, kí n tẹ àwòrán éésì, kí n dúró kó ṣí, kí n wá wo inú àwọn àwòrán wẹ́wẹ́ wẹ̀wẹ̀ tó tò síbẹ̀ kí n mọ èwo ni dígí iwájú èwo ni dígí ẹ̀yìn, kòtò sì ń bẹ níwájú, ọlọ́kadà sì ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń wá ibi fara pamọ́ sí. Mo wo ọ̀nà, mo wo síkíríìnì, mo wo ọ̀nà. Mo na ìka. Bí ìka ṣe kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ bọ́ sí kòtò, gbì! Ìka bọ́ síbòmíràn, ojú ewé mìíràn ṣí, mo rí àwòrán ẹnì kan tó jókòó, tí nǹkan kan ń ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní atẹ́gùn nìyí. Mo tẹ̀ ẹ́.

Nǹkan kan ò ṣe dígí. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn:

"Hẹ̀n?"

Mo dákẹ́.

"Dírẹ́bà."

"Mà?"

"Kí ló ń rìn lẹ́yìn mi?"

Mo ní Mọ́mì kò sí nǹkan kan. Ó ní "Ó ń rìn o. Ó ti kúrò níbàdí. Ó ti ń gòkè. Dírẹ́bà, ó ti dé èjìká! Yéè! Akàn ti jáde o! Lá ìláhà ìlàlláhù! Wọ́n ju ẹyọ kan lọ o!"

Mi ò tíì dúró tán tí Alhaja fi ṣílẹ̀kùn tó bọ́ sínú òjò, bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan nínú ọkọ̀, ó ń gbọn ẹ̀yìn búbà, ó ń fò, ó ń ní kí n wá bá òun yọ ọ́. Àwọn ọlọ́kadà tó ya sábẹ́ búkà kan sáré wá. Ìyá tó ni búkà náà tú ìborùn ẹ̀ wò, ó fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, kò rí nǹkan kan, ó ní bóyá ó ti wọ inú ìró. Ṣé ẹ rí i pé ìyẹn ò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́.

Mo padà lọ wo ìjókòó. Mo bá a tí awọ ìjókòó náà ń wú, ó ń rọ̀, ó ń wú, ó ń rọ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, fúnra ẹ̀. Èmi alára sún sẹ́yìn. Ọlọ́kadà kan yọjú látẹ̀yìn mi, ó wò ó, ó ní "Bọ̀dá, ẹ̀mí wà nínú mọ́tò yín," ló bá lọ ti ọ̀kadà ẹ̀ jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ló tó yé mi pé masáàjì ni. Masáàjì ni mo tẹ̀. Mọ́tò ń ṣe masáàjì fún Alhaja, ó ń ṣe é tọkàntọkàn pẹ̀lú.

Mo sáré lọ síwájú kí n lọ pa á. Ìka mi ti tutù, síkíríìnì ò sì fẹ́ràn ìka tó tutù, mo tẹ̀ ẹ́ kò gbọ́, mo nù ún lára ṣòkòtò, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ òdì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "pín, pín, pín" lẹ́yìn ọkọ̀. Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀tù ń ṣí. Ó ń rọra ṣí bí Ọba ṣe ń jáde láàfin. Gbogbo kòtò tá a ti bọ́ sí láti Ẹ̀pẹ́ ti gbé àpò akàn wá fara ti ilẹ̀kùn yẹn, bó ṣe ṣí báyìí, àpò bọ́ sílẹ̀, okùn tú.

Akàn bọ́ sí títì.

Alhaja rí wọn. Ó fọwọ́ lérí, ó yíjú sí gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀, ó ní "Ṣé mo purọ́? Ẹ bá mi wò ó, ṣé mo purọ́?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, wọ́n ti ń lé akàn. Ẹni tó mú méjì, ẹni tó mú mẹ́ta, ọlọ́kadà tó sá fún ẹ̀mí níjẹ̀ẹ́kan ni mo rí tó ń kó tiẹ̀ sínú hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì. Ìyá oníbúkà gbé abọ́ jáde. Èyí tó padà dé Ìkòròdú nínú akàn yẹn ò tó se ọbẹ̀ ìkókó.

Alhaji pè mí lálẹ́. Mo ti mọ̀ pé yóò pè mí, mo ti wá ẹ̀rí sílẹ̀ lórí fóònù. Mo ní Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èmi nìkan. Ìwé ìròyìn mọ́tò kan wà ní Sweden tó ń jẹ́ Vi Bilägare, ní 2022 wọ́n kó ọkọ̀ tuntun mọ́kànlá jọ, wọ́n fi Volvo V70 ti 2005 kún un, ìyẹn ọkọ̀ oníbọ́tìnì, wọ́n ní káwọn dírẹ́bà máa sá kìlómítà 110 ní wákàtí kan kí wọ́n sì máa ṣe nǹkan mélòó kan, bíi ká yí éésì, ká wá rédíò. Volvo àgbà yẹn, ìṣẹ́jú àáyá 10 ni gbogbo ẹ̀ gbà. Èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn tuntun, MG Marvel R, ìṣẹ́jú àáyá 44.6, ọkọ̀ sì ti rin mítà 1,372 kí wọ́n tó ṣe é tán. Mo ní wọ́n sì ti kọ́kọ́ jẹ́ káwọn dírẹ́bà náà mọ ọkọ̀ lò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ o, ibi tí wọ́n ti ń sáré ò sì ní ọlọ́kadà. Mo tún fi hàn án pé Euro NCAP, àwọn tó ń yẹ ààbò mọ́tò wò ní Yúróòpù, ti ní láti 2026, ọkọ̀ tó bá fẹ́ máàkì tó pé lọ́dọ̀ àwọn gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnì tàbí ọ̀pá gidi fún tíráfíkétọ̀, fún họ́ọ̀nù, fún wáípà.

Alhaji fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀. Ó ní:

"Dúró ná. O ní mọ́tò yẹn ń ṣe masáàjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Èmi ni mo sanwó masáàjì yẹn, kò sẹ́ni tó sọ fún mi?"

Ó ti wọ sálúbàtà. A jọ bọ́ síta, ó jókòó sí ẹ̀yìn, ó ṣe ara ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo wọ inú éésì, mo jáde. Mo wọ inú iná, mo jáde. Mo débi kan tó ń bi mí ní èdè tí mo fẹ́, Yorùbá ò sí níbẹ̀. Mo wá àwòrán oníwẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yẹn títí, kí n tó wá rí ọ̀kan tó jọ ọ́, ẹnì kan tó jókòó, ilà mẹ́ta tó ń ṣe kọ́rọ́kọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

Alhaji dákẹ́. Ó tún dákẹ́ síi. Ó wá ní:

"Dírẹ́bà, ṣé bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí? Ìdí mi ń gbóná o."

Alhaja tó ti káwọ́ gbera tó ń wò wá láti fàráńdà ní, "Ẹ fara balẹ̀, Alhaji. Tèmi náà ò tètè dé èjìká."