Kí ẹ tó yọ ẹran kúrò nínú tajine

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ alásè, tajine àgùntàn àti prune (èso plum gbígbẹ) ti àwọn ará Mòrókò, ọbẹ̀ tí wọ́n ń se nínú ìkòkò amọ̀ tí òun náà ń jẹ́ tajine, ni oúnjẹ tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba: ẹran tó rọ̀ tó ń bọ́ lára eegun, ọbẹ̀ tó ki, atalẹ̀, saffron, igi sínámọ́nì, almond díndín lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa ní kí n se irú rẹ̀ fún àwọn tí kì í jẹ ohunkóhun tó bá ti ara ẹ̀dá ẹlẹ́mìí wá. Mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Mo yọ ẹran, mo da kárọ́ọ̀tì, ọ̀dùnkún àti ìgbá sínú ìkòkò, mo sì fi wọ́n sórí iná fún wákàtí méjì tí mo máa ń fún àgùntàn. Ọ̀dùnkún fọ́, ọbẹ̀ ṣàn bí omi àgbo. Èyí tó dùn mí jù ni ti obìnrin kan tó béèrè bóyá oyin wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Mo gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀, ebi sì ń pa á.

Mi ò tíì mọ iye iṣẹ́ tí ẹran ń ṣe nínú ìkòkò yẹn. Ọ̀rá rẹ̀ ló ń gbé òórùn èròjà kiri inú ọbẹ̀. Eegun àti iṣan rẹ̀ ló ń mú kí omi ki. Pípẹ́ tó ń pẹ́ lórí iná ló sì ń fún àlùbọ́sà láyè láti yọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àlùbọ́sà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Màmá kan tí wọ́n bí ní ìlú Fez ní Mòrókò, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló fi daghmira hàn mí: àlùbọ́sà rírin tí a fi iná jẹ́jẹ́ sè nínú òróró títí yóò fi yọ́ di ọbẹ̀ ṣíṣù. Fún ènìyàn 6, mo ń lo àlùbọ́sà kílò kan, òróró ólífì ṣíbí ńlá 6, àti ìwọ̀n wákàtí kan. Ẹ má ṣahun òróró, ipò ọ̀rá ló dì mú.

Ẹ rẹ ẹ̀wà chickpea mọ́jú, ẹ sè é, ẹ má sì da omi rẹ̀ nù. Tó bá tutù, ẹ ó rí i pé ó ki, ó sì ń fà díẹ̀. Òun ló gba iṣẹ́ eegun.

Ìgbá elése àlùkò ni mo fi sípò ẹran. Àwọn ará Mòrókò fúnra wọn ló jẹ́ kí n fọkàn tán an, nítorí zaalouk wọn, tí wọ́n ń fi ìgbá, tòmátì, ata àti kumin sè, kò ní ẹran kankan. Ẹ gé e nípọn, ẹ fi iyọ̀ àti òróró pa á lára, ẹ yan án nínú ààrò gbígbóná títí yóò fi pọ́n dáadáa. Ìṣẹ́jú 20 tó kẹ́yìn ni kó wọ ìkòkò. Omi díẹ̀ péré ni kí ẹ fi sí i, torí ọmọrí tajine tó rí ṣóńṣó ń dá oru padà sínú ọbẹ̀, ẹ̀fọ́ sì ní omi tirẹ̀.

Ní ti oyin, mo ń se dàbínù, mo ń lọ̀ ọ́, mo ń sẹ́ ẹ, mo sì ń fi omi rẹ̀ àti igi sínámọ́nì se prune fún ìṣẹ́jú 15. Almond àti yànmọ̀tí yíyan ló ń gbẹ̀yìn.

Ìgbà tí mo gbé e fún màmá náà, wọ́n fa búrẹ́dì ya, wọ́n fi nu ọbẹ̀ títí àwo fi mọ́. Wọ́n ní atalẹ̀ kò tó. Ṣíbí kékeré kan ni mo fi sí i nígbà náà. Méjì ni mo ń fi sí i báyìí.