Àwọn Àṣá Tó Ń Dúró De Atẹ́gùn ní Essaouira

Oṣù Kẹsàn-án ni mo dé Essaouira, ìlú etíkun ní Mòrókò, nítorí àṣá Eleonora. Ọ̀pọ̀ àṣá yòókù ti tọ́ ọmọ tán nígbà náà, àmọ́ ọmọ tirẹ̀ ṣì ń ké fún oúnjẹ nínú pàlàpálá àpáta erékùṣù Mogador, tó wà nínú òkun níwájú ìlú náà. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn gúnlẹ̀ síbẹ̀ lásìkò ìtọ́mọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. (Eleonora ti Arborea, obìnrin tó jọba lórí ilẹ̀ Arborea ní erékùṣù Sàdíníà, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹyẹ yìí, ti fi òfin dáàbò bo ìtẹ́ àṣá ní nǹkan bí ọdún 1392.) Ẹnu odò Ksob ni mo ti ń wò wọ́n nírọ̀lẹ́: ìyẹ́ wọn gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì yára kọjá sísọ.

Láti ìgbà ìrúwé ni wọ́n ti ń dé láti Madagáskà. Kí ló wá dá wọn dúró? Oúnjẹ ni. Kòkòrò bíi lámilámi tó wọn jẹ fúnra wọn, kò tó tọ́mọ. Nítorí náà, ó di ìparí oṣù Keje kí wọ́n tó yé ẹyin méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n á sàba fún bí oṣù kan, kí ọmọ lè jáde gẹ́lẹ́ nígbà tí àwọn ẹyẹ kéékèèké ń ti Yúróòpù kọjá lọ sí Áfríkà. Àwọn akọ á dúró sójú atẹ́gùn lórí òkun, wọ́n á máa dọdẹ àwọn ẹyẹ kéékèèké náà láti fi bọ́ ọmọ.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nìyí: ìyá ẹyẹ yìí ti yé ẹyin kó tó rí oúnjẹ ọmọ, bí àgbẹ̀ tó gbin irúgbìn sílẹ̀ de òjò. Òwìwí funfun ti ilẹ̀ yìnyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Eku lemming ló kọ́kọ́ máa ń wò. Bí eku bá pọ̀, ẹyin rẹ̀ lè tó mẹ́wàá. Bí kò bá sí, kò ní yé rárá lọ́dún náà. Ọgbọ́n gidi ni mo ka ìyẹn sí, torí ìyá tó bá yè á tún rí ọdún mìíràn.

Àṣá Eleonora kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ní àwọn erékùṣù Kánárì, tí kò jìnnà sí Mòrókò, atẹ́gùn ìlà-oòrùn ló ń ti àwọn ẹyẹ arìnrìnàjò kúrò létí Áfríkà bọ́ sórí òkun. Bí kò bá fẹ́ dáadáa, ebi á mú ọmọ. Ojú ọjọ́ ń yí padà báyìí, ẹ̀rù sì ń bà mí fún wọn: bí atẹ́gùn bá yẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án, ẹyin oṣù Keje kò ṣeé dá padà.