Èérí ara mi ní Tọ́kì

Ẹsẹ̀ mi ń ro mí gan-an lálẹ́ yìí o. Àtẹ̀gùn tó lé ní 300 la sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ká tó dé ìsàlẹ̀ àfonífojì Ihlara, ní agbègbè Cappadocia. Àpáta gíga lọ́tùn-ún, àpáta gíga lósì, odò Melendiz ń ṣàn láàárín. Inú àpáta yẹn làwọn Kristẹni àtijọ́ gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí. Mo wọ ọ̀kan: àwòrán àwọn ẹni mímọ́ ṣì wà lára ògiri, àmọ́ wọ́n ti ha ojú àwọn kan kúrò. Nígbà tá a fi máa dé abúlé Belisırma, mo ti ń tiro.

Lọ̀rẹ́ mi bá ní ká lọ wẹ̀ ní hamam, ilé ìwẹ̀ gbígbóná àwọn ará Tọ́kì. Mo ró aṣọ tí wọ́n fún mi mọ́dìí, mo nà gbalaja sórí òkúta mábù gbígbóná. Bàbá onírunmú kan wọ kese sọ́wọ́, ìbọ̀wọ́ tó le ju kànrìnkànrìn màmá mi lọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó mi. Èérí ń jáde bíi kókó àmàlà! Ó tiẹ̀ gbé apá mi sókè kí n fojú ara mi rí i. Èmi tí mo wẹ̀ láàárọ̀! Ojú tì mí. Ó fi ìhó ọṣẹ bò mí mọ́lẹ̀, ó sì da omi lé mi lórí láìkìlọ̀, bí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún lẹ́yìnkùlé wa.

Tíì pupa nínú ife kékeré ni wọ́n gbé fún wa níta. Mo mu mẹ́ta.