Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Ilẹ̀ Tó Wà Lábẹ́ Àwọn Pápákọ̀ Òfuurufú Ṣáínà

Ọdún 2025 ń re ilé, ó sì tó àkókò láti ka ohun tó so nínú iṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú ní Ṣáínà. Ní 20 oṣù Kejì ni Xi'an ṣí gbọ̀ngàn èrò karùn-ún, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 700,000 mítà onígun mẹ́rin. Ní 20 oṣù Kẹta, ó kan Lanzhou. Ní 17 oṣù Kẹrin, ó kan Ürümqi ní ìwọ̀-oòrùn jíjìn, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Chongqing náà fi ṣí gbọ̀ngàn T3B tirẹ̀. Ní 30 oṣù Kẹwàá, pápákọ̀ Baiyun ní Guangzhou ṣí gbọ̀ngàn kẹta pẹ̀lú ojú ìsáré bàlúù karùn-ún. Guangzhou yẹn ni àwọn oníṣòwò wa mọ̀ jù lọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ̀ sí bí wọ́n bá lọ ra ọjà.

Àwòrán òrùlé ni àwọn èèyàn ń pín kiri. Òrùlé náà dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò tèmi lọ́dún yìí, orí ilẹ̀ ni mo gbé e lé, torí ohun tí wọ́n ṣe sí ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó to irin òrùlé ni yóò sọ bóyá pápákọ̀ kan á ṣiṣẹ́ fún àádọ́ta ọdún tàbí á máa gba àtúnṣe lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Xi'an àti Lanzhou. Orí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń pè ní huangtu, yẹ̀pẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè, ni agbègbè méjèèjì wà. Afẹ́fẹ́ ló kó o jọ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Tó bá gbẹ, ó le débi pé àwọn ará Shaanxi, ìpínlẹ̀ tí Xi'an wà, ń gbẹ́ ilé sínú rẹ̀, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Àmọ́ àárín hóró rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́, ohun tó sì so hóró kan mọ́ èkejì kò ju iyọ̀ ilẹ̀ àti amọ̀ díẹ̀ lọ. Bí omi bá wọ̀ ọ́, ìdè yẹn á tú, ilẹ̀ á sì wọlẹ̀ lójijì, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ fi ẹrù kún èyí tó wà lórí rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Páìpù omi kan ṣoṣo tó ń jò lábẹ́ gbọ̀ngàn ti tó ìrì.

Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ́ ihò wẹ́wẹ́ yẹn kí ilé tó dé. Kireeni á gbé irin ràgàjì tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 10 sí 40 lọ sókè, bíi mítà 10 sí 20, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lulẹ̀. Wọ́n á ti fi èèkàn sàmì sí gbogbo ojú ilẹ̀. Ojú àmì kan ni wọ́n á máa lù títí ìlù méjì tó kẹ́yìn kò fi ní wọlẹ̀ ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Wọ́n á dí kòtò náà, wọ́n á bọ́ sí àárín àmì méjì, wọ́n á lu ibẹ̀ pẹ̀lú, ní ìparí wọ́n á sì fi ìlù fẹ́ẹ́rẹ́ kárí gbogbo rẹ̀, kí ojú ìlù kan máa gun etí èkejì. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ìwọ̀n omi tó wà nínú yẹ̀pẹ̀. Tó bá gbẹ jù, kò ní kì. Tó bá tutù jù, irin á máa bọ́ lé e, òun á kàn máa mì. "Yẹ̀pẹ̀ rọ́bà" ni àwọn òṣìṣẹ́ Ṣáínà ń pè é. Tó bá ti di rọ́bà, ẹ má wulẹ̀ lù ú mọ́. Ẹ hú u kúrò, tàbí kí ẹ tú u kí oòrùn fà á gbẹ, tàbí kí ẹ po ẹfun tí wọ́n sun láti ara òkúta mọ́ ọn. Agbaṣẹ́ṣe tó ń sáré nìkan ló máa ń bu yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ bò ó mọ́lẹ̀, ojú ọ̀nà á sì sọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Xi'an tún ní ohun kan tí pápákọ̀ tó pọ̀ kò ní: ibojì àtijọ́. Ìlú ọba ni fún ọ̀pọ̀ ìran, ibojì tí ìmúgbòòrò yìí sì kàn ju 3,000 lọ. Àwọn awalẹ̀pìtàn ló kọ́kọ́ wọ pápá. Ṣọ́bìrì Luoyang ni irinṣẹ́ wọn: irin tó tẹ̀ kọrọdọ bí ìdajì páìpù, tó ní èèkù gígùn. Wọ́n á gún un wọlẹ̀, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á sì yẹ yẹ̀pẹ̀ tó bá a jáde wò. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ rí máa ń ní àwọ̀ kan náà. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ tí wọ́n sì dí padà máa ń ṣe àwọ̀ bí àdàlú. Lójú ẹni tó ń kọ́ ojú ìsáré bàlúù, wàhálà kò tán nígbà tí wọ́n bá kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ. Ihò náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ dí i ní ìpele-ìpele, bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n kì í kó le, kí wọ́n wọn bó ṣe kì tó, kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Ihò kan tí wọ́n bá gbójú fò, abẹ́ ẹsẹ̀ bàlúù ni yóò ti yọjú.

Orí ilẹ̀ tó ti kì ni kọnkéré ń dé. Ní Ṣáínà, pátákó kọnkéré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í sábà ju mítà 5 lọ ni wọ́n ń tò, nínípọn rẹ̀ sì máa ń wà ní àyíká sẹ̀ǹtímítà 40 níbi tí bàlúù ńlá ń gbà. Bí pátákó náà ṣe lè gba títẹ̀ kó tó dá ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe bí ó ṣe lè gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bíi ti òpó ilé. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, ó gbọ́dọ̀ gba 5 megapascal (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ipá tó ń tẹ nǹkan), ó kéré tán. Ayùn tó ń gé ojú ìpàdé pátákó méjì ní wákàtí tirẹ̀. Bí wọ́n bá yára gé e, etí rẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá pẹ́, kọnkéré á yan ibi tó wù ú láti sán. Níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti ń fẹ́, tí òru sì tutù yàtọ̀ gédégédé sí ọ̀sán, bíi Ürümqi, àyè tó wà láàárín méjèèjì kéré gan-an.

Ní etí òkun, ọ̀rọ̀ yí padà, torí pé omi tí wọ́n ń sá fún ní Xi'an ni wọ́n ń lé jáde níbẹ̀. Hong Kong dí 650 hẹ́kítà òkun fún ojú ìsáré kẹta, gbogbo ètò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 28 oṣù Kọkànlá 2024. Apá kan ilẹ̀ náà wà lórí kòtò tí wọ́n ti da ẹrẹ̀ onímájèlé sí tẹ́lẹ̀, wọn kò sì fẹ́ rú u sókè. Ọkọ̀ ojú omi gbé ọ̀pá alábẹ sọ̀ kalẹ̀ títí dé ilẹ̀ líle, ó ń tú sìmẹ́ńtì olómi sínú amọ̀, ó sì ń pò ó pọ̀ títí tí yóò fi di òpó líle lábẹ́ òkun. Bí wọ́n bá yára fa ọ̀pá náà sókè jù, àárín òpó á rọ̀, ojú kò sì lè rí i; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbẹ́ àpẹẹrẹ jáde láti inú òpó lọ yẹ̀ wò kí iyanrìn tó dé orí rẹ̀.

Dalian tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ: erékùṣù àtọwọ́dá tó fẹ̀ tó 20.87 kìlómítà onígun mẹ́rin, fún ojú ìsáré mẹ́rin lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Lórí amọ̀ òkun, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n ti ọ̀já ike bọlẹ̀, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, ọ̀kan sí èkejì bíi mítà 1 sí 1.5. Wọ́n á wá di ẹrù lé ilẹ̀ náà, kí omi lè gba ojú ọ̀já náà jáde. Wọ́n sì lè da ike bo ilẹ̀ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ jáde. Ìyẹn lè ṣe iṣẹ́ iyanrìn tó ga ju mítà 4 lọ. Oṣù ni iṣẹ́ yìí ń gbà, owó kò sì lè rà á kúrò. Àwọn tó ń kánjú, ẹ wo Kansai ní Japan tó ṣí ní 1994: erékùṣù àkọ́kọ́ rẹ̀ ti rì ju mítà 10 lọ láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí i. Rírì tó bá dọ́gba ṣeé fara dà. Èyí tí apá kan bá rì tí apá kejì dúró ni ọ̀tá, torí òun ló ń dá pátákó, tó ń fa páìpù já, tó sì ń jẹ́ kí omi òjò dúró lójú ìsáré.

Ti òkè kò ní gùn. Ní Panzhihua, Sichuan, wọ́n gé orí òkè, wọ́n sì fi dí àfonífojì. Omi rìn sí ibi tí yẹ̀pẹ̀ tuntun ti pàdé ilẹ̀ àtijọ́, etí ibi tí wọ́n dí sì ya lulẹ̀ ní 2009. Ní 2011, pápákọ̀ náà ti ilẹ̀kùn fún nǹkan bí ọdún méjì. Gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ àti àtẹ̀gùn tí wọ́n gé sára òkè kí ìdídí tó bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dín kù níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé CCECC ti Ṣáínà ló kọ́ gbọ̀ngàn tuntun tó ṣí ní Ìkẹjà ní oṣù Kẹta 2022, pẹ̀lú owó tí a yá lọ́wọ́ Ṣáínà. Gbọ̀ngàn náà dára, ṣùgbọ́n ibi tí bàlúù ńlá yóò dúró sí níwájú rẹ̀ kò tó. Ní oṣù Keje ọdún yìí, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 712 náírà fún àtúnṣe gbọ̀ngàn àtijọ́, CCECC náà ni yóò ṣe é. Ó dùn mí pé a ṣì ń fi ilé ka iye pápákọ̀, tí a kì í béèrè ilẹ̀ tí bàlúù ń tẹ̀. Bí ti Lẹ́kì bá sì wá dìde, ilẹ̀ àbàtà ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀já ike àti oṣù ìdúró yẹn ni yóò kọ́kọ́ kàn wá.

Ní 2026, Xiamen ni mo ń wò. Xiang'an, pápákọ̀ tuntun ibẹ̀, lórí ilẹ̀ tí wọ́n dí lẹ́gbẹ̀ẹ́ erékùṣù Dadeng, ni wọ́n ní yóò ṣí, kí Gaoqi, pápákọ̀ àtijọ́ tó wà láàárín ìlú, lè sinmi. Abẹ́ irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ àwo irin sí, tí ọ̀pá tó so mọ́ ọn á yọrí sókè. Àwọn awọnlẹ̀ á máa ka bí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ṣe lọ sílẹ̀ tó, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, wọ́n á sì fi ti apá ibí wé ti apá ọ̀hún. Dalian ṣì ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá níwájú kó tó ṣí.