Ẹ má kọ́ ọkọ̀ àti ìwọ̀ lọ́jọ́ kan náà

Òkun o (bí àwa ará Okun ṣe ń kíni nìyẹn), ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti Èkó àti Àbújá wálé lọ́dún, tí ẹ fẹ́ mọ omi àti igbó bí àwọn bàbá yín ṣe mọ̀ ọ́n, ohun tí mo kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: etí omi ni kí ẹ ti kọ́ ìwọ̀, ọkọ̀ òfìfo ni kí ẹ fi kọ́ àjẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ bá ti mọ iṣẹ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Ọkọ̀ kì í sábà dojú dé mọ́ ẹni tó ń wà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìgbà tí èèyàn bá na ara síta láti fa ẹja, tàbí láti tú okùn tó há mọ́ kùkùté, ni ọkọ̀ ń gbé e ṣubú.

Omi tí mo ní lọ́kàn ni odò Kampe àti adágún ìsédò (dáàmù) tí wọ́n ń pè ní Omi lápá Ejiba, ní ilẹ̀ Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ́rọ̀ tí Odò Ọya wà lẹ́nu ọ̀nà yín, tiyín le díẹ̀, nítorí omi ibẹ̀ ń ṣàn. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló máa ń kún jù. Omíyalé 2012 àti ti 2022 ní Lọ́kọ́ja kò tíì kúrò lójú wa. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò ní nǹkan kan í ṣe lórí Ọya lásìkò yẹn. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí omi ti fà, tí ẹ lè rí ibi tí ẹ ń tẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lọ kí olórí abúlé etí omi, kí ẹ sì kí àwọn apẹja. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Tápà tàbí Kakanda, omi ni wọ́n dàgbà sí. Àwọn ni yóò fi ibi tí àwọ̀n wọn wà hàn yín. Ẹni tó bá fi àjẹ̀ ya àwọ̀n ẹlòmíràn láàárọ̀ kò ní rí ẹni kọ́ ọ níṣẹ́ lálẹ́.

Fún ìwọ̀, ọparun gbígbẹ tó gùn tó mítà 3 sí 4, tí orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ti tó. Ọparun tútù wúwo, bó bá sì tẹ̀, kì í nà padà mọ́. Okùn náílọ̀n 0.30 mm ni ẹ máa rà fún ẹpìyà. Kí okùn má gùn ju ọ̀pá lọ. Bó bá gùn jù ú, ẹ óò gbé ọ̀pá sókè tán, ẹja á ṣì wà nínú omi. Ìwọ̀ nọ́ńbà 10 tàbí 12 ló bá ẹnu ẹpìyà mu. Ẹ kíyè sí i lọ́jà: bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i. Ẹni tó bá béèrè nọ́ńbà ńlá nítorí pé ẹja ńlá ló ń wá, ìwọ̀ tíńtín ni wọn óò kó fún un. Fún àrọ̀, nọ́ńbà 4 tàbí 2 ni, pẹ̀lú okùn 0.50 mm.

Ibi tí a so ìwọ̀ mọ́ okùn ni ẹja ti ń já lọ jù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ki okùn bọ ihò ìwọ̀, ẹ fà á jáde tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹ fi ẹnu okùn náà yí ara okùn gangan po lẹ́ẹ̀marùn-ún. Àlàfo kékeré kan á ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìwọ̀, láàárín ibẹ̀ àti ìyípo àkọ́kọ́. Ẹ dá ẹnu okùn padà, ẹ tì í wọ inú àlàfo yẹn. Kí ẹ tó fà á le, ẹ fi itọ́ rin ín. Náílọ̀n gbígbẹ tí a bá fà lójijì máa ń gbóná níbi tó ti ń gbo ara rẹ̀, ibi tó gbóná yẹn náà ni yóò já lọ́jọ́ tí ẹja gidi bá dé. Ẹ rọra fà á títí àwọn ìyípo yóò fi tò ti ara wọn láìgun ara wọn. Bí ọ̀kan bá gun èkejì, ẹ gé e, ẹ tún un so. Ẹ má gé ìrù okùn mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ bí orí ìṣáná.

Ẹ fi òjé kékeré kan sókè ìwọ̀ ní nǹkan bíi 20 cm. Ohun tí yóò léfòó, bàtà sílípà tó ti já ló dára jù: ẹ gé e tó àtàǹpàkò, ẹ lu ihò sí i láàárín, ẹ ki okùn bọ̀ ọ́, kí ẹ fi ṣẹ́kẹ́lẹ́ igi dí ihò náà kó má bàa máa yọ̀ kiri. Láti mọ bí omi ṣe jìn tó, ẹ so òjé wúwo mọ́ ìwọ̀ kí ẹ jù ú sílẹ̀. Bí sílípà bá rì, ẹ sún un sókè. Bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ sún un wálẹ̀. Tí orí rẹ̀ nìkan bá wá yọ, ẹ ti mọ ìjìnlẹ̀ omi. Ẹ yọ òjé wúwo náà, ẹ sún sílípà wálẹ̀ ní ìbú ìka mẹ́rin, kí ìdẹ lè so rọ̀ díẹ̀ sókè ẹrẹ̀.

Ìdẹ wa ni ekòló. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí ni ẹ ti máa rí i. Inú agolo tí a lu ihò sí, pẹ̀lú ilẹ̀ tútù, lábẹ́ òjìji, ni a ń kó o sí. Inú ọ̀rá dídì, á ti kú kí oòrùn tó yọ tán. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ fi bo ìwọ̀, kí ìrù díẹ̀ máa mì. Bí ẹ bá fi odindi há ìwọ̀ lẹ́nu, ẹpìyà á máa já a jẹ láti ìdí, ẹ óò máa bọ́ wọn lásán ni.

Etí koríko tí omi rẹ̀ kò ju mítà kan àbọ̀ lọ ni ẹpìyà máa ń wà, láti ìdájí títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí sílípà bá ń gbọ̀n, wọ́n ń tọ́ ọ wò ni. Ẹ ní sùúrù. Tó bá yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí tó rì, ẹ fi ọrùn ọwọ́ gbé ọ̀pá. Ọrùn ọwọ́ ni mo wí o, ẹ má fi gbogbo apá jù ú sẹ́yìn bí ẹni ń ju òkò, nítorí ojú ẹni tó dúró lẹ́yìn yín ni ìwọ̀ máa bà. Kí pláyà wà lápò láti fi yọ ìwọ̀.

Ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹpìyà le: láti orí ni kí ẹ ti fi àtẹ́lẹwọ́ pa á dé ìrù, ẹ̀gún á dùbúlẹ̀. Ẹ̀gún àrọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí méjèèjì, ẹ̀yìn àwọn ẹ̀gún náà ni kí ẹ ti dì í mú. Ẹja kan tún wà tí ara rẹ̀ rọ̀, tí kò ní ìpẹ́, tó ní irùngbọ̀n, àmọ́ tí kò ní ẹ̀gún rárá: òjìjí nìyẹn, ó ń gbé èèyàn bí iná mànàmáná. Ẹ gé okùn, kó máa lọ.

Wàyí o, ọkọ̀. Ọkọ̀ pákó ló pọ̀ jù báyìí. Bó bá ti pẹ́ nínú oòrùn, ojú pákó á ti là, á sì máa jo. Ẹ rì í sínú omi mọ́jú kí pákó lè wú padà. Igbá tí ẹ ó fi máa gbọ́n omi, ẹ fi okùn so ó mọ́ ọkọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe kí ẹ fi ṣe ìrọ̀rí. Ẹ tún so kégì òfìfo tó ní ìdérí mọ́ inú ọkọ̀.

Bí ẹ bá nàró, kí àjẹ̀ dé àgbọ̀n yín. Ọwọ́ kan lórí rẹ̀ téńté, èkejì nítòsí ibi tó ti fẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀. Ẹni tó bá dúró nínú ọkọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó fẹ́ wẹ̀ ni. Ẹ ti àjẹ̀ bọ omi níwájú yín, kí ẹnu rẹ̀ rì tán, kó sún mọ́ ọkọ̀, kí ẹ fà á dé ìbàdí. Bó bá kọjá ìbàdí, omi ni ẹ ń gbé sókè, ọkọ̀ kò sún.

Bí ẹ bá ń wà á lápá ọ̀tún nìkan, imú ọkọ̀ á máa yà sósì. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ á wá máa pààrọ̀ apá lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta, omi á máa ro sí wọn lẹ́sẹ̀. Bí àjẹ̀ bá ti dé ìbàdí, ẹ yí ọwọ́ òkè kí àtàǹpàkò rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí ẹ fi ẹnu àjẹ̀ ti omi díẹ̀ kúrò lára ọkọ̀. Imú ọkọ̀ á padà sójú ọ̀nà. Èyí gan-an ni wíwa ọkọ̀. Ìyókù, agbára lásán ni.

Níbi tí omi mọ yín ní ìbàdí, kí ẹnì kan dúró tì yín, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ da ọkọ̀ dé. Ẹ yí i padà, ẹ gbọ́n omi rẹ̀, ẹ gun un láti ìdí, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́. Níbi tó jìn, ẹ di ọkọ̀ mú. Ọkọ̀ pákó kì í sábà rì pátápátá. Ẹni tó fi í sílẹ̀ pé òun fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ dé etí omi ni omi máa ń gbé lọ. Bí ẹ bá ti lè wà á tààrà lọ síbi igi kan lọ́ọ̀ọ́kán, kí ẹ dojú kọ afẹ́fẹ́ bọ̀, kí ẹ dá a dúró níbi tí ẹ fẹ́, ó ku kí ẹ gbé ìwọ̀ wọ ọkọ̀.

Lọ́jọ́ náà, ẹni méjì ni kí ẹ jẹ́: ọ̀kan di àjẹ̀ mú, ọ̀kan ń pẹja. Òkúta inú àpò tí ẹ fi dá ọkọ̀ dúró, imú ọkọ̀ ni kí ẹ so ó mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi tó ń ṣàn á fà á tẹ̀. Ẹja ló ń wá bá yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ óò lọ bá a: kí ìdodo yín má kọjá etí ọkọ̀. Okùn tó bá há mọ́ kùkùté, ẹ fi ọ̀bẹ gé e. Kùkùté igi sì máa ń wà lábẹ́ omi adágún ìsédò. Ẹ jìnnà sí ògiri ìsédò àti ibi tí omi ti ń dà jáde.

Ìjì ńlá ìgbà òjò, láti ìlà-oòrùn ló sábà ń wá. Bí ibẹ̀ bá ṣú, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́ wẹ́lo, ẹ kọrí sí etí omi tó sún mọ́ yín jù, kì í ṣe ibi tí ẹ gbé ọ̀kadà sí.

Omi tí kò ṣàn níbi tí ìgbín omi wà lè kó àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ranni, pàápàá lọ́sàn-án gangan. Bí ìtọ̀ bá pọ́n, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Praziquantel ni wọ́n fi ń wò ó. Létí omi tó ń sáré, kòkòrò dúdú kékeré tó ń jẹni ló ń kó àrùn ojú fífọ́ ranni: ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, ẹ má sì kọ oògùn ivermectin tí wọ́n ń pín ní abúlé.

Ní ti ìgbẹ́ ọdẹ, ẹ fi ìbọn sílẹ̀ ná. Ìbọn ṣakabùlà ń fẹ́ ìwé àṣẹ, kò sì sí ohun tó ń wá nínú ọkọ̀: ètù á rin, ìtapadà rẹ̀ á sì dojú ọkọ̀ dé. Ẹ tẹ̀ lé àgbà ọdẹ lójú mọmọ, kí ẹ kọ́ ipasẹ̀ òyà àti ti ẹtu. Ìgbà ẹ̀rùn tí koríko ti jó ló rọrùn jù. Akika, òfin kò gbà kí a pa á. Bí igbó wa ṣe rí lónìí, ẹ má dá wọ̀ ọ́, ẹ má sì tan iná orí níbẹ̀ lóru láìjẹ́ pé àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ la inú ẹja lójú ẹsẹ̀, ẹ fi àpò tútù bò ó lábẹ́ òjìji. Ọkọ̀ pákó, ẹ fi ṣéènì so ó mọ́ igi, kí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀ di ìgbà míì.