Ibà Lassa àti gàrí etí títì

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ṣì ń sá gàrí sẹ́tìí títì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákun. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ibà yìí lọ́dún 1969, àmọ́ Oǹdó tiwa yìí wà lára ibi tó ti ń jà jù báyìí, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Eku ló ń gbé e kiri, tó bá ti tọ̀ tàbí ṣu sóúnjẹ, ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè kó o. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó máa ń jọ ibà ẹ̀fọn níbẹ̀rẹ̀, orí fífọ́, ara gbígbóná, ọ̀fun dídùn, làwọn èèyàn á bá máa gbé oògùn ibà mì nílé títí ẹ̀jẹ̀ á fi máa jáde nímú, bẹ́ẹ̀ oògùn ibà Lassa tó ń jẹ́ ribavirin wà, kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni. FMC Ọ̀wọ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀, ń tọ́jú ẹ̀. Ẹ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí fún gàrí yín jàre, ológbò náà ò burú.